Kí ló dé tí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta fi ń di ti ọjọ́ mọ́kànlá?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù kẹjọ rè é tí mo ti gba iṣẹ́ ẹnjiníà sọ́fítíwíà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi sì ni. Kóòdù kíkọ kò ni mí lára, àmọ́ mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń ṣètò iṣẹ́ ara rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo bá pè ní ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́jọ ló máa gbà. Ní báyìí, wọ́n ní kí n tún ọ̀nà tí àwọn oníbàárà wa ń gbà pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n gbàgbé ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo pè é, òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlá. Bí ọ̀gá mi bá bi mí, 'ó ti ń parí lọ' ni mò ń sọ. Mo ti gbìyànjú Trello, mo ti gbìyànjú Notion, àwọn áàpù tí wọ́n fi ń ṣètò iṣẹ́, mo pa méjèèjì tì. Ṣé kí n lọ gba ìwé-ẹ̀rí nínú project management (dídarí iṣẹ́) ni, àbí ọ̀lẹ ni mí?"

Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ kúrò nílẹ̀. Ọ̀lẹ kì í ka ọjọ́. Ìwọ mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta lo pè é, o mọ̀ pé òní ló pé mọ́kànlá, o sì jókòó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Bí mo ṣe gbọ́ ìbéèrè rẹ, nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ tí o dì pọ̀ sójú kan: o kì í mọ bí iṣẹ́ ṣe tóbi tó kí o tó wọ inú rẹ̀, nígbà tí o bá sì ti rí i pé ó tóbi, o kì í mọ ohun tí o máa sọ fún ọ̀gá rẹ, o wá ń rò pé áàpù tàbí ìwé-ẹ̀rí ló máa yanjú méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ti èkejì wà lọ́wọ́ rẹ, òun ló sì léwu jù. Ti ẹ̀kẹta, kò pẹ́ tí màá fi sọ ọ́ tán.

Ronú wo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Ẹni tó fún ọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá ti ṣe é fúnra rẹ̀ rí. Ó mọ̀ pé ó ní ìdáhùn, ó sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan á tó o. Ó ti bá ọ gé e, ó ti bá ọ wọ̀n ọ́n, kóòdù nìkan ló kù fún ọ láti kọ. Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó bá ọ gé nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà tún wá yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó kan àga mẹ́wàá, ìkẹwàá á yá a lọ́wọ́ ju èkíní lọ, torí pé àga kan náà ló ń kàn. Àwa kì í kan àga kan náà lẹ́ẹ̀mejì: ohun tí a bá ti kọ lẹ́ẹ̀kan, ṣe la máa ń dà á kọ, ẹ̀dà rẹ̀ kò sì ná wa ní nǹkan kan. Nítorí náà, ohun tó bá ṣẹ́ kù nílẹ̀ fún wa láti ṣe, èyí tí a kò tíì ṣe rí ni, ó kéré tán nínú kóòdù tiwa. Ẹni tó ń fojú bu ohun tí kò ṣe rí, kò sí bí kò ṣe ní ṣì í. Àwa tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ náà ń ṣì í. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa ni pé a máa ń tètè mọ̀ pé a ti ṣì í, a sì máa ń tètè sọ.

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, wọ́n ní kí n fi bọ́tìnì kan sí ojú ìwé tó ń ṣàfihàn ọjà títà, kí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lè gba gbogbo àkọsílẹ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní fáìlì CSV, irú èyí tí Excel lè ṣí. Ọjọ́ kan ni mo pè é. Ṣebí bọ́tìnì ni. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi pẹ̀lú ogún àkọsílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e sórí àkọsílẹ̀ gidi tó lọ rẹrẹ, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, sì já kí fáìlì tó délẹ̀. Mo tún un ṣe. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò kóòdù mi wá bi mí bóyá gbogbo òṣìṣẹ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti rí iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan san. Mi ò mọ̀, ẹni tó mọ̀ sì wà ní ìsinmi. Nígbà tí ìyẹn yanjú, àwọn oníṣirò owó ní ọjọ́ tó wà nínú fáìlì kò bá ti ojú ìwé mu, torí pé aago UTC (aago àjọlò gbogbo ayé) ni dátábéèsì, ibi tí a ń kó àkọsílẹ̀ sí, fi ń pa ọjọ́ mọ́, aago ibi tí oníbàárà wà sì ni ojú ìwé ń lò. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́sàn-án ló gbà mí. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: bọ́tìnì náà gbà mí lọ́jọ́ kan lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni mo fojú bù. Ohun tí mi ò mọ̀ ló jẹ ọjọ́ mẹ́jọ yòókù.

Àwa oníkóòdù nìkan kọ́ ló ń ṣe. Láti 1979 ni Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń ronú, ti fún àṣìṣe yìí lórúkọ: planning fallacy. Ní 1994, Roger Buehler, Dale Griffin àti Michael Ross bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Kánádà pé ọjọ́ mélòó ni ìwé àṣekágbá wọn máa gbà. Tí a bá pín in dọ́gba, ọjọ́ 33.9 ni wọ́n pè é. Wọ́n tún bi wọ́n pé, bí gbogbo nǹkan bá wá dojú rú pátápátá ńkọ́? Wọ́n ní ọjọ́ 48.6. Nígbà tí ìwé náà jàjà parí, ọjọ́ 55.5 ló gbà wọ́n. Ìyẹn ni pé ẹni tó fi ìbẹ̀rù pè é pàápàá ṣì pè é kéré. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn "ṣáà fi ọjọ́ díẹ̀ kún un" kò fi tó, torí pé ojú kan náà tó fi bu iṣẹ́ kéré ló máa fi bu ọjọ́ díẹ̀ náà. Ohun tí àwọn olùwádìí náà rí ni pé tí wọ́n bá bi èèyàn báyìí, iwájú ló máa ń wò: á máa ro bí òun ṣe máa ṣe é. Kì í bojú wẹ̀yìn wo ọjọ́ tí irú rẹ̀ gbà á nígbà tó ṣe é gbẹ̀yìn.

Torí náà, bojú wẹ̀yìn. Wá ìwé kan, ìwé lásán, kí o fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan: ọjọ́ tí o pè é, ọjọ́ tó gbà, àti ohun tó jẹ ìyàtọ̀ àárín wọn. Ìkẹta yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí o bá fi máa kọ nǹkan bí ogún iṣẹ́ sínú rẹ̀, á ti máa bá ọ sọ̀rọ̀. Tèmi sọ fún mi pé mo máa ń pe iṣẹ́ ní nǹkan bí ìdajì ohun tó máa gbà. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé dídúró ló ń jẹ ọjọ́ mi ju kóòdù lọ: mò ń dúró de àyẹ̀wò, mò ń dúró de ẹni tó ní àṣẹ lórí sáfà, mò ń dúró de èsì ìbéèrè tí mo béèrè ní ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí n ti béèrè rẹ̀ láàárọ̀. Mi ò lè sọ ọwọ́ mi di iná lórí kóòdù, ṣùgbọ́n mo lè béèrè ìbéèrè láàárọ̀. Áàpù kankan kì bá sọ ìyẹn fún mi.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ ń gbọ́ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òun ni "parí". Létí ẹni tuntun, ó parí túmọ̀ sí pé ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi. Létí ọ̀gá, oníbàárà ti ń lò ó, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo. Láàárín méjèèjì, test (kóòdù tó ń dán iṣẹ́ wa wò) wà níbẹ̀, àyẹ̀wò ẹlòmíràn wà níbẹ̀, àtúnṣe tó ti inú àyẹ̀wò jáde wà níbẹ̀, gbígbé e sórí sáfà wà níbẹ̀, ìṣọ́ tí a ń ṣọ́ ọ ní ọjọ́ kìíní náà wà níbẹ̀. Kí o tó pe ọjọ́ kankan, bi ọ̀gá rẹ pé: "Kí ni ẹ fẹ́ rí kí ẹ tó gbà pé iṣẹ́ yìí ti parí?" Kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀.

Gígé iṣẹ́ ló ṣòro jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá ní kí ẹni tuntun gé iṣẹ́ pásíwọ́ọ̀dù tìrẹ yìí, ohun tó sábà máa ń kọ ni pé: ọjọ́ kìíní dátábéèsì, ọjọ́ kejì kóòdù sáfà, ọjọ́ kẹta ojú ìwé, ímeèlì gbẹ̀yìn. Ó gún régé lójú. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ kẹta, kò sí ohun kan tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ tó máa dáhùn. Gbogbo rẹ̀ ló ń parí lọ, kò sí èyí tó parí. Ó tún wá fi ímeèlì sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ímeèlì nibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń dá èèyàn dúró: ó lè bọ́ sínú spam, ohun tó yẹ kó wà nínú DNS (ìwé orúkọ àwọn ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì) láti jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ fi í ránṣẹ́ lè má tíì sí níbẹ̀, ẹni tó sì lè fi í síbẹ̀ lè má sí nínú ẹgbẹ́ yín. Ìbú ló gé e. Òòró ni kí o gé e. Ègé àkọ́kọ́ á jẹ́ ojú ìwé kan tí kò lẹ́wà rárá, oníbàárà kan ṣoṣo tó jẹ́ ìwọ fúnra rẹ, líǹkì tí sáfà kàn kọ sínú log, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe. O tẹ líǹkì náà, pásíwọ́ọ̀dù pààrọ̀. Ó tín-ín-rín, àmọ́ ó ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ègé kejì, kí ímeèlì gidi kan dé ọwọ́ ẹnì kan. Ìkẹta, kí líǹkì náà kú lẹ́yìn àkókò díẹ̀, kó má sì ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì. Ìkẹrin, kí ojú ìwé má ṣe sọ fún àjèjì bóyá ímeèlì tó kọ síbẹ̀ ní àkáǹtì lọ́dọ̀ yín. Ìkarùn-ún, kí pásíwọ́ọ̀dù tuntun lé gbogbo ẹni tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ jáde, kí olè tó ti wà nínú àkáǹtì má baà jókòó síbẹ̀ máa wò. Nígbà tí o bá kọ ọ́ báyìí, ìwọ fúnra rẹ á rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Wàá tún rí ohun tí o lè bá ọ̀gá rẹ dúnàádúrà lé lórí bí ọjọ́ bá ká ọ mọ́: ẹwà ojú ìwé, èdè kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ sí fóònù. (Ègé kẹta sí ìkarùn-ún kò sí lórí àtẹ o, ti ààbò ni wọ́n.)

Lẹ́yìn tí o bá gé e, èyí tó ń bà ọ́ lẹ́rù ni kí o kọ́kọ́ mú. Mo mọ̀ pé ó dùn láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọrùn, kí èèyàn lè fàmì sí nǹkan. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bani lẹ́rù ló gbé ọjọ́ mẹ́jọ pamọ́ sínú, ó sì sàn kí o mọ̀ ní ọjọ́ kìíní ju ọjọ́ kẹwàá lọ. Bí o kò bá tiẹ̀ mọ ibi tí o ti máa dì í mú, fún ara rẹ ní ìdajì ọjọ́ láti fi tú u wò. Spike ni àwọn oníṣẹ́ wa ń pè é. Kóòdù tí o bá kọ nínú rẹ̀, dà á nù. Ìdáhùn lo wá, kóòdù kọ́. Bí ìdajì ọjọ́ bá pé tí ìdáhùn kò jáde, ìyẹn pàápàá jẹ́ ìròyìn tó yẹ kí ọ̀gá rẹ gbọ́.

Má sì ko iṣẹ́ rẹpẹtẹ mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣirò kan wà tí John Little fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1961, kò sì le: iye iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ, pín in fún iye tó ń tọwọ́ rẹ parí lọ́sẹ̀, èyí tó bá jáde ni iye ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò lọ́dọ̀ rẹ. Bí méjì bá ń parí lọ́sẹ̀, tí mẹ́fà sì wà lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kálukú máa lò. Bí o bá mú u ní méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ìwọ náà ni, ọwọ́ rẹ kò yá sí i. Ní tèmi, méjì ni mo máa ń mú: èyí tí mò ń ṣe, àti èyí tí màá yí sí nígbà tí àkọ́kọ́ bá wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Wàyí o, "ó ti ń parí lọ". Tom Cargill, oníkóòdù kan tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell Labs, ti fi èyí ṣe àwàdà rí: ó ní ìdá 90 nínú 100 kóòdù máa ń gba ìdá 90 nínú 100 àkókò, ìdá 10 tó kù á sì tún gba ìdá 90 mìíràn. Ẹ̀rín ni, àmọ́ ọ̀gá rẹ kò lè fi ṣètò. Tí o bá sọ fún un pé ó ń parí lọ, ohun tó gbọ́ ni ọ̀la. Ó ti lè sọ ọ̀la yẹn fún ẹlòmíràn tó ń dúró dè é. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ṣì lè ṣe nǹkan: ó lè sún ọjọ́ síwájú, ó lè dín iṣẹ́ kù, ó lè wá ẹni tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kọkànlá, ìbínú ló kù. Mo ti wà níbi tí ìwọ wà, ojú ló ń tì ọ́, mo mọ̀. O rò pé bí o bá fi alẹ́ yìí ṣe é, á parí, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀. Nígbà tí èmi náà wá di ẹni tí wọ́n ń jábọ̀ fún, mo rí i pé pípẹ́ kì í sábà dùn mí. Pé mi ò mọ̀ ló ń dùn mí.

Lórí ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́, ìkìlọ̀ kan: ní 1975 ni Fred Brooks, tó ti darí iṣẹ́ sọ́fítíwíà ńlá ní IBM, ti kọ ọ́ pé bí èèyàn bá kó àwọn ènìyàn kún iṣẹ́ sọ́fítíwíà tó ti pẹ́, ṣe ló tún máa pẹ́ sí i, torí pé ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ dúró kọ́ àwọn tuntun. Òótọ́ ni. Àmọ́ má fi ìyẹn kẹ́wọ́ láti máa dá jìyà. Kí ẹnì kan tó mọ apá ibẹ̀ jókòó tì ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yàtọ̀ sí kí wọ́n fi ẹni mẹ́ta kún iṣẹ́ rẹ. Òfin tí mo fún ara mi ni wákàtí kan: bí mo bá ti há síbì kan fún wákàtí kan tí mi ò mọ nǹkan tuntun, màá kọ ohun tí mo gbìyànjú àti ohun tí mo rí, màá sì béèrè. Nígbà mìíràn, kíkọ ọ́ náà ló ń tú u.

Áàpù àti ìwé-ẹ̀rí ló kù. Èyí tí ẹgbẹ́ yín bá ń lò ni kí o lò. Kò sí èyí tó burú tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó máa bá ọ gé iṣẹ́. PMP, ìwé-ẹ̀rí dídarí iṣẹ́ tí Project Management Institute ń fúnni, oṣù 36 tí èèyàn ti fi darí iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti gba oyè yunifásítì. O kò tíì débẹ̀. CAPM, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò béèrè ìrírí, àmọ́ iṣẹ́ ẹni tó ń darí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọ́ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣúná owó, bí wọ́n ṣe ń ṣàkọsílẹ̀ ewu. Bí o bá fẹ́ kúrò nídìí kóòdù lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kò burú. Fún wàhálà tí o kọ sí mi yìí, pa owó rẹ mọ́.

Ibì kan wà tí ìmọ̀ràn mi kò lè dé. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń yí iṣẹ́ padà láàárín ọ̀nà, tí ọ̀gá rẹ bá ń fúnra rẹ̀ pe ọjọ́ tí kò bi ọ́, tàbí tí ẹni tó bá sọ òtítọ́ bá ń gbọ́ èébú, ìwé tí mo ní kí o máa kọ ọjọ́ sí kò lè wò ó sàn. Ohun tó lè ṣe ni kó fi hàn ọ́ pé ibẹ̀ ni ọjọ́ ń lọ, ìyẹn sì wúlò bí o bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ tàbí kí o wá ibòmíràn. Ti àwọn kan sì tún yàtọ̀: bí ó bá jẹ́ pé láti kékeré ni ọkàn rẹ kì í dúró sójú kan, tí àkókò kì í yé ọ lórí ohunkóhun, iṣẹ́ dókítà nìyẹn, tèmi kọ́.

Iṣẹ́ pásíwọ́ọ̀dù tó wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́? Láàárọ̀ ọ̀la, kí o tó ṣí kóòdù rárá, mú bébà, kọ gbogbo ohun tó kù kí oníbàárà tó lè lò ó, ohun tí o mọ̀ sí apá kan, ohun tí o kò mọ̀ sí apá kejì. Má fojú bu apá kejì. Orúkọ ẹni tó lè mọ̀ ọ́n ni kí o kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, má dúró kí ọ̀gá rẹ bi ọ́. Fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i, kí o fi tìrẹ rọ́pò èyí tí kò bá bá ọ mu: "Ẹ káàárọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo pe iṣẹ́ pásíwọ́ọ̀dù, ó ti di mọ́kànlá, ó sì yẹ kí n ti sọ fún yín láti ọjọ́ kẹrin. Ẹ má bínú. Ojú ìwé àti líǹkì ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi. Ohun tó kù ni ímeèlì, pípa líǹkì tó ti pẹ́, àti test. Ímeèlì nìkan ni kò dá mi lójú. Mo fẹ́ wádìí rẹ̀ títí di ọ̀sán, màá sì fún yín ní ọjọ́ tuntun ní aago méjì. Bí ẹ bá fẹ́ kó tètè jáde, a lè fi ẹwà ojú ìwé sílẹ̀ ná." Tí aago méjì bá lù, fún un ní ọjọ́ náà, kódà bí ohun tí o rí nínú ìwádìí náà kò bá dùn mọ́ ọ.